Mọ́mì, Ọwọ́ Yín Lórí Kíbọ́ọ̀dù

Mọ́mì mi àtàtà,

Ṣé ara ti tù yín níbẹ̀? Ẹ má bínú pé n kò kọ̀wé látọjọ́ tí a ti sin yín. Ojú ló ń tì mí.

Wọ́ọ̀dù wa tí a jọ ṣiṣẹ́ kò lo ìwé mọ́ rárá, kọ̀ǹpútà ni gbogbo rẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń lọ láti bẹ́ẹ̀dì kan dé èkejì láàárọ̀, tẹ́ ẹ máa ń fọwọ́ kan ẹsẹ̀ aláìsàn kẹ́ ẹ tó fi í lé ẹni tó fẹ́ gbaṣẹ́ lọ́wọ́, kí lẹ ò bá wí?

Ẹ rántí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó ẹ̀rọ náà dé? Ìka kan ṣoṣo lẹ fi ń wá lẹ́tà kiri. Àwọn èèyàn ń wò wá, mo bá fa kíbọ́ọ̀dù lọ́wọ́ yín: "Mummy, leave am, make I do am." Látìgbà náà, ẹ̀yin ń kọ tiyín sínú ìwé, èmi ń bá yín tẹ̀ ẹ́ lórúkọ yín. Mo rò pé ìfẹ́ ni. Àwọn ọ̀gá rò pé ẹ ti mọ̀ ọ́n.

Àfi ọjọ́ tí wọ́n ní kí kálukú wá ṣe é lójú gbogbo wa. Ẹ wo ẹ̀rọ, ẹ wojú mi, ẹ sì dìde. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tẹ́ ẹ fi kọ̀wé fẹ̀yìn tì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kọ̀, tẹ́ ẹ ò bá àwọn ẹgbẹ́ yín lọ sí Saudi nítorí ilé ìwòsàn yìí! Ẹ ò bá mi jà. Ì bá sàn kẹ́ ẹ bá mi jà.

Nígbà tí wọ́n ní kí n máa kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì àgbà tó kù ní kọ̀ǹpútà, ńṣe ni mo fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀. Mo láṣọ bí àgbà lóòótọ́, àkísà dà?

Sátidé ni mo ṣí àpótí yín nílé wa l'Ekenwan Road. Mo rí ìwé búlúù tẹ́ ẹ rà l'Ọjà Ekiosa. Ní ojú ewé tó kẹ́yìn nínú rẹ̀, ẹ ti fi rúlà ya kíbọ́ọ̀dù, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan nínú àpótí tirẹ̀. Ibi tí ìka yín ti ń tẹ̀ ẹ́ ti dọ̀tí, bébà náà ti fẹ́ ya. Mọ́mì, ẹ̀ ń kọ́ ọ! Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ fún mi? Àbí mi ò fún yín láyè ni? Mo sunkún títí.

Mo bẹ̀rẹ̀ kíláàsì náà lónìí. Ìyá kan tó tó yín lọ́jọ́ orí jókòó níwájú, ó ń fi ìka kan wá lẹ́tà. Ó pẹ́ gan-an kó tó rí i. Mo kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, mo dúró.

Èmi ni,
ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tí kò dúró dè yín nígbà náà.