Ìwọ̀n Tí Ìbaaka Lè Gbé

18, Dunmoor Street,
Openshaw,
Manchester.
Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kẹta, 2013.

Kùdírátù, ọ̀rẹ́ mi láti kékeré,

Báwo ni gbogbo ilé? Alhaji ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti ń fúyẹ́? Mo gbọ́ pé Táyọ̀ ti wọ yunifásítì, inú mi dùn gan-an. Ọlọ́run á jẹ́ ká jèrè wọn. Ní tèmi, kò dáa, Kùdí. Mi ò ní purọ́ fún ọ.

Ìjọ kan náà ni èmi àti Ṣẹ̀san tó fi lẹ́tà yìí lé ọ lọ́wọ́ jọ ń lọ. Wà á máa rò ó pé kí ló dé tí n ò kàn pè ọ́. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ohun tí à ń sọ lórí fóònù. Bí o bá gbọ́ ọ, wà á lọgun, ògiri kan ṣoṣo ló sì wà láàárín yàrá rẹ àti ti ìyá ọkọ mi.

Ṣé o rántí ọ̀gbun tí Reuben ń sọ nígbà tí a wálé kẹ́yìn? Èyí tó wà ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n máa ń gun ìbaaka sọ̀ kalẹ̀ sínú rẹ̀ títí wọ́n á fi dé etí odò nísàlẹ̀. Ó ní ibẹ̀ lòun ti máa ṣe àádọ́ta ọdún. Mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí: ọmọ Ẹ̀gbá wo ló gun ìbaaka rí? Ó ní ṣé bọ́ọ̀sì tóun ń wà lọ sí Bolton lójoojúmọ́ gbọ́ràn ju ẹranko lọ ni. Ó ju ọdún kan lọ ṣáájú tí wọ́n ti máa ń gba àyè sílẹ̀, ó sì gba ti èmi àti òun, ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹfà ọdún yìí. Àmọ́ àwọn tó ni ìbaaka ní ẹni tó bá fi bẹ́ẹ̀ ju stone mẹ́rìnlá lọ, bí àádọ́rùn-ún kílò, kò ní gùn ún, torí ọ̀nà náà tóóró, ẹ̀gbẹ́ òkè gan-an ló gbà. Stone mẹ́tàdínlógún ni ọkọ mi.

Ó lẹ àwòrán ìbaaka mọ́ ara fíríìjì, kò jẹ ẹ̀bà mọ́, ó ń fẹsẹ̀ rìn lọ síbi iṣẹ́. Kò pẹ́ tí ara rẹ̀ fi ń fà, tí ṣòkòtò ń bọ́ nídìí rẹ̀. Inú wa dùn! Ó jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó jẹ́rìí, ó fa ìgbànú rẹ̀ síwájú kí gbogbo ìjọ lè rí àyè tó wà níbẹ̀, a sì jó. Kùdí, èmi gan-an ni mo ṣíwájú ijó. Nígbà tó ní inú ń dun òun, mo ní ebi ni. Ìgbà tí ẹyinjú rẹ̀ pupa rúsúrúsú ni Jọlá ọmọ wa fipá mú un lọ sọ́dọ̀ GP, dókítà àdúgbò wa. Jẹjẹrẹ ni. Ó ti dé ẹ̀dọ̀. Dókítà sọ ọ́ lójú rẹ̀, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe níbí. Ó ní ká má ka oṣù kẹfà mọ́.

Áà, Kùdí! Gbogbo ìgbà tí a ń jó yẹn, àìsàn ló ń jẹ ẹran ara rẹ̀. Mo bínú sí ara mi, mo bínú sí ìbaaka tí n kò rí rí. Wọ́n ní àrùn là á wò, a kì í wo ikú, àmọ́ àwa ò tiẹ̀ wo àrùn. Orin la fi kí i káàbọ̀.

Ohun tí mo fẹ́ bẹ̀ ọ́ rèé. Ọjọ́ pẹ́ tí Màmá ti ń bẹ Reuben pé kó dín ara kù, torí ẹ̀jẹ̀ ríru ló pa bàbá rẹ̀. Ní báyìí tí wọ́n gbọ́ pé ó ti fẹ́lẹ́, wọ́n ní àwọn máa ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì àwọn, Sunday àkọ́kọ́ nínú April. Wọ́n ti sọ fún pásítọ̀. Nígbà tí wọ́n sọ ọ́ fún Reuben lórí fóònù, ó ní, “Ẹ ṣé, mà.” Ó gbé fóònù sílẹ̀, ó sunkún. Ó ní, “Wùnmí, má jẹ́ kí ìyá mi jó.” Ohun kan ṣoṣo tó bẹ̀ mí nìyẹn.

Jọ̀ọ́, ìwọ àti Bọ̀ọ̀dá Múyìwá, àbúrò Màmá, ni kẹ́ ẹ jọ lọ, láàárọ̀, kí wọ́n tó jáde. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jẹun ná. Ẹ sọ pé ara rẹ̀ ò yá, pé ó le, pé àwọn dókítà ń gbìyànjú. Ẹ má tíì sọ ìyókù. Bí wọ́n bá sunkún tán, ẹ fi fóònù pè é fún wọn. Ó ń retí ohùn wọn.

Bá mi kí Alhaji, bá mi kí gbogbo ọmọ.

Mo ti fẹ́ pa lẹ́tà yìí dé ni fóònù dún. Obìnrin kan ló pè láti ọ̀dọ̀ àwọn oníbaaka. Mo ti gbàgbé láti fagi lé àyè tí a gbà. Ó ní òun fẹ́ mọ̀ bóyá ọ̀gá náà ti fúyẹ́ tó. Reuben gbọ́ ọ, ó na ọwọ́ láti orí bẹ́ẹ̀dì, ó gba fóònù. Ó ní, “Ẹ má ṣèyọnu, madam. Ìbaaka yín ò tiẹ̀ ní mọ̀ pé mo wà lẹ́yìn òun.” Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ń kí i kú oríire. Reuben dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó dá fóònù padà fún mi, ó sì kọjú sí ògiri.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ tí ò lẹ́lòmíì tó lè rán,

Adéwùnmí.