Ibùsùn Ẹ̀yìn Lándírófà

Tẹ̀dé, 1978

Ìyá mi,

Ẹ kú àárò wa. Ara wa le.

Ẹ ní báwo ni Lándírófà àlòkù tí mo rà ṣe rí. Ó dára gan-an! Mo tú àga ẹ̀yìn kúrò, káfíńtà kan ibùsùn síbẹ̀, Àmọ̀kẹ́ ìyàwó mi sì rán kọ́tìnì sí fèrèsé. A di kẹ́ẹ̀gì omi mọ́ òrùlé rẹ̀, a fi sítóòfù sábẹ́ ibùsùn. A fẹ́ máa fi wo gbogbo òkè àti odò Òkè-Ògùn, ká máa sùn níbi tí ilẹ̀ bá ṣú wa sí.

Òótọ́ lohun tí ẹ gbọ́. Ọ̀nà Ṣakí la wà tí ọmọ fi dé, oṣù rẹ̀ kò tíì pé. Orí ibùsùn yẹn náà ni Àmọ̀kẹ́ bí i sí. Ọkọ̀ ò yọnu rárá, ọ̀nà ọsibítù ló jìn.

Abíọ́nà tí ẹ ní ká sọ ọ́, orúkọ tó dùn ni, ọmọ náà ni kò dúró gbà á. Àgbò tí ẹ so mọ́lẹ̀ de ìsọmọlórúkọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tú u sílẹ̀ kó máa jẹ̀.

Ẹ bá mi kí Bàbá. Àmọ̀kẹ́ náà kí yín. Inú ọkọ̀ ló ṣì ń sùn. Bí mo bá ní kó wọlé, á ní a ò tíì dé.

Ọmọ yín,
Mọ́nsúrù