Sídì Tí Ẹ Fi Orúkọ Ọmọ Sí

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ọmọ tí ẹ ń retí ti dé. Obìnrin ni, iwájú orí yín ló gbé wá, ó sì pé ọjọ́ mẹ́jọ lónìí. Díẹ̀ ló kù kí a sọ ọ́ lórúkọ láìsí orúkọ tí ẹ fún un, èmi ni mo sì fà á.

Ẹ kò gbà láti pe orúkọ náà sétí ẹnikẹ́ni nígbà tí oyún ṣì wà níkùn. Ẹ wọ basement lábẹ́ ilé lọ, ẹ ti ilẹ̀kùn, ẹ gbà á sórí sídì bí ẹ ṣe máa ń gba ìwàásù sílẹ̀ fún àwọn aláìsàn ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ẹ fi sẹ́lótéèpù dì í, ẹ ní n kò gbọdọ̀ tú u kí ọmọ tó dé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni ẹ kú.

Láàárọ̀ yìí ni mo tú u. Kọ̀ǹpútà yín ní basement nìkan ló ṣì ń gba sídì nínú ilé. Mo tì í bọ̀ ọ́, mo gbọ́ tí ẹ wúkọ́, ó sì dákẹ́. Error. Mo fi aṣọ ọmọ nù ún, mo tún tì í wọlé. Ẹ wúkọ́, ó dákẹ́. Mo ṣe é lẹ́ẹ̀mẹfà. Pásítọ̀ ti jókòó lókè, oyin àti iyọ̀ ti wà lórí tábìlì, Màmá sì ń pariwo láti orí àtẹ̀gùn.

"Ìyá ìkókó, kí lo ń ṣe ní basement? Òtútù wà níbẹ̀ o! Pásítọ̀ ṣì ní service ní Cambria Heights, jọ̀ọ́, come up!"

Mo rò pé sídì ti bàjẹ́, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí sunkún. Mo wá ti ìwàásù yín àtijọ́ kan wọlé. Òun náà dákẹ́. Kọ̀ǹpútà ló ń ṣe é nìyẹn. Mo ṣí ibi tí Linux, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà náà, máa ń kọ ohun tó bá ṣẹlẹ̀ sí. Kí error kọ̀ọ̀kan tó dé, dráìfù tó ń ka sídì ti kọ́kọ́ lọ sùn. Tó bá ka díẹ̀ tó sinmi, ètò tó ń dín iná kù á gbé e sùn, kò sì ní jí dáadáa.

Èmi ni mo ṣe ètò yẹn. Ẹ rántí bí ẹ ṣe máa ń pa suwíìṣì kọ̀ǹpútà tí mo bá kàn dìde lọ mu omi? Inú bí mi lọ́jọ́ kan, mo ní kí ohunkóhun tí a kò bá lò máa sùn fúnra rẹ̀, kí ẹ lè fi suwíìṣì lọ́rùn sílẹ̀. Ẹ yìn mí gan-an. N kò sọ fún yín pé ìbínú ni mo fi ṣe é. Ṣé ẹ mọ̀?

Mo yọ dráìfù kúrò nínú ètò náà. Mo tún ti sídì wọlé. Ẹ wúkọ́, ẹ sì sọ̀rọ̀. Ẹ gbàdúrà títí, ẹ pe orúkọ ọkùnrin. Nígbà tó kan ti obìnrin, ohùn yín wálẹ̀ débi pé mo gbé etí lé sípíkà.

Bàbá, ẹ ò ṣe kìlọ̀ fún mi? Orúkọ tí àwa ọmọ kò jẹ́ fẹnu kàn, tí ẹ̀yin nìkan fi ń pe Màmá! Mo gòkè, mo gbé ọmọ dúró níwájú pásítọ̀, mo pè é: Àṣàkẹ́.

Màmá ń bu omi ní kíṣìnnì, ó kọ ẹ̀yìn sí wa. Ó ti dáhùn "Sà!" kó tó rántí pé ẹ ti kú.

Èmi ọmọ yín tó fẹ́ràn yín,
ìyá Àṣàkẹ́ kékeré.