Ìró Òòlù Yín Ṣì Wà Nínú Irin

Bàbá mi àtàtà,

Ẹ kú ibi tí ẹ wà. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń kí ẹni tó ti lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà lẹ kọ́ mi pé ènìyàn kì í sọ ohun tó bá wá láìkọ́kọ́ kí ará ilé. Gbogbo wa wà. Ìyá mi wà, orúnkún wọn ṣì máa ń dùn wọ́n bí òjò bá ti ṣú. Èmi náà ṣì ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké níwèé, ohùn mi sì máa ń há kí ọ̀sẹ̀ tó parí, bó ṣe máa ń há tí ẹ fi máa ń fi mí rẹ́rìn-ín.

Ohun tí mo fẹ́ sọ fún yín ni pé a ti ṣí ṣọ́ọ̀bù yín tí ẹ ti ń tún ara mọ́tò ṣe. Láti ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀ tí ẹ ṣubú síwájú mọ́tò oníbàárà yín, tí òòlù ò sì kúrò lọ́wọ́ yín, kò sẹ́ni tó tún wọ ibẹ̀. Ẹni tó ni mọ́tò wá wọ́ ọ lọ. Ìyá mi fi àgádágodo ti ilẹ̀kùn, koríko sì bo iwájú ibẹ̀ tí ẹ máa ń gbá fúnra yín láràárọ̀, lẹ́bàá títì Sekona. Nígbà tí àwọn tó ń ra irin àlòkù bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú, Bàbá Kékeré, àbúrò yín, ní ká kó gbogbo ẹ̀ fún wọn, pé irin kì í sunkún olówó ẹ̀. Mo kàn bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ wo inú ibẹ̀.

Mo wọlé, Bàbá. Inú ṣọ́ọ̀bù ń rùn bí aṣọ iṣẹ́ yín: ọ̀dà, epo, irin tí iná jó. Mo ń wá ọ̀nà dé ojú fèrèsé ni èjìká mi gbá ríìmù táyà kan tí ẹ fi okùn so kọ́ àjà. Ó dún. Kì í ṣe ariwo. Ó dún lọ títí, ó ń rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ohùn ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lọ lójú ọ̀nà tí kò wẹ̀yìn. Mo jókòó sórí àpótí yín títí ó fi dákẹ́, mo sì rí i pé mo ti di etí àpótí náà mú gírígírí.

Mo sọ ọ́ fún Dékẹ́mi, ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń ṣe tíṣà. Òun ló ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì àwọn Áńgílíkà, ó sì pẹ́ tó ti ń sọ pé ìró ohun èlò tí wọ́n rà lọ́jà ti sú òun. Ó tẹ̀lé mi wá, ó ń kan gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ bí àlejò tó ń kan ilẹ̀kùn onílé. Ọjọ́ náà la pinnu pé a ó dá ẹgbẹ́ olórin sílẹ̀, pé a ò ní ra ohun èlò kankan, ohun tí a bá bá nínú ṣọ́ọ̀bù yín la ó máa lò.

Ẹnìkẹta wa ni Mùfútáù, ọmọ iṣẹ́ yín tó ṣe fírídọ́ọ̀mù lọ́dọ̀ yín. Kò ṣe iṣẹ́ páńẹ́lì mọ́. Ọ̀kadà ló ń gùn, ó ń gbé èrò lọ sí Alajue. Ó sọ fún mi pé nígbàkígbà tóun bá gbé òòlù sókè láti ìgbà tí ẹ ti kú, ńṣe ló máa ń ṣe òun bíi pé ẹ dúró lẹ́yìn òun, ẹ ń wo ọwọ́ òun. Ó pẹ́ kó tó gbà láti dara pọ̀ mọ́ wa.

Ẹ̀ bá rí ohun tí a ṣe, ẹ̀ bá rẹ́rìn-ín. A gé àwọn sàlẹ́ńsà, páìpù èéfín mọ́tò, tó ti dípẹtà, òmíràn gùn, òmíràn kúrú, a so wọ́n rọ̀ sára igi tí àgbẹ̀ kan fún Mùfú ní Alajue. Èmi ni mo ń fi àtẹ́lẹsẹ̀ sílípáàsì gbá ẹnu wọn, ohùn wọn sì jinlẹ̀ bí ìgbà tí ènìyàn bá pariwo sínú kànga. Dékẹ́mi na wáyà bíréèkì ọ̀kadà sórí pákó, ó fi garawa ọ̀dà gbè é lẹ́sẹ̀, ó ń fi ìka ta á. Mùfú ní tirẹ̀ gbé ilẹ̀kùn mọ́tò Píjò àtijọ́ tí ẹ fi sílẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù dúró ti ògiri, ó gbé òòlù onígi, ó ń lù ú.

Níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ mọ̀ pé ẹ kì í lu irin bí àwọn yòókù. Ẹ ó lu ara mọ́tò, ẹ ó wá fi òòlù kan irin tó wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín wẹ́rẹ́, bí ẹni tó ń mí, kí ẹ tó padà sára mọ́tò. Gbogbo àdúgbò mọ̀ ọ́n sí tiyín. Kódà nígbà tí etí yín ti di tán, tí a ní láti pariwo kí ẹ tó gbọ́ wa, kò yẹ̀. Ẹ ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ lé irin, ẹ ó di ojú, ẹ ó mọ ibi tí ó kù láti lù. Mo máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà wò yín. Kí lẹ máa ń gbọ́ nínú ọwọ́ yín? Ìgbà wo lẹ mọ̀ pé ẹ ò ní gbọ́ ohùn wa mọ́?

Bí Mùfú ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í lu ilẹ̀kùn yẹn, ìró òòlù yín ló jáde. Kò sẹ́ni tó ní kó lù ú bẹ́ẹ̀. Ó ní òun ò mọ̀ ọ́n mọ̀ ṣe é. Ó ń lù, ó ń bojú wẹ̀yìn.

Nígbà tí a ṣíwọ́, mo gba ẹ̀yìnkùlé ṣọ́ọ̀bù wọ ilé wa. Mo bá garawa omi gbígbóná ní balùwẹ̀, kànìnkànìn àti ọṣẹ dúdú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo rò pé èmi ni Ìyá mi gbé e sílẹ̀ fún, mo wẹ̀, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Wọ́n wò mí, wọ́n padà sídìí ààrò. Nígbà tí a tún ṣe ìdánrawò, omi tún wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, aṣọ ìbora yín, èyí tí ẹ máa ń ró tí ẹ bá wẹ̀ tán, ló wà lórí okùn. Mi ò lè fọwọ́ kan omi náà. Ó tutù síbẹ̀.

Bó ṣe ń rí nìyẹn. Ìró á dún, omi á gbóná. Ara Dékẹ́mi ò balẹ̀, ó ní ká fi ilẹ̀kùn Píjò yẹn sílẹ̀. Bàbá Kékeré gbọ́, inú bí wọn. Wọ́n ní a ń pe òkú, a sì fẹ́ da orí ìyàwó ẹ̀gbọ́n àwọn rú, pé bó bá di ọjọ́ Mọ́ńdè, àwọn olórin irin á wá rí i pé irin ti bá àwọn tó ń rà á lọ.

Mo lọ bá Ìyá mi nídìí ààrò. Mo bi wọ́n pé ta ni wọ́n ń gbé omi fún. Wọn ò bínú.

“Mo mọ̀ pé bàbá rẹ ti kú. Ojú mi ni wọ́n ṣe sin wọ́n. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti gbọ́ òòlù yẹn, ọwọ́ mi kì í bi mí kó tó gbé omi kaná.”

Mo bi wọ́n bóyá ká dáwọ́ dúró. Wọ́n ti igi wọná, wọ́n wá bi mí bóyá ara Mùfú ni ìró náà wà ni, àbí ara irin. Ṣé ẹ̀yin mọ ibi tó wà, Bàbá?

Ní Sátidé tó ṣáájú Mọ́ńdè yẹn, ilé-ìwé wa ṣe ọjọ́ àṣà, ọ̀gá wa sì ti ní ká wá ṣeré. A kó irin yín sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Ìyá mi ní àwọn ò ní wá, àfi bí mo ṣe rí wọn lórí àga iwájú, tí wọ́n fi gèlè bo etí dáadáa. Àwọn òbí rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n rí sílípáàsì lọ́wọ́ mi. Nígbà tí ohùn sàlẹ́ńsà jáde, ẹ̀rín náà rọlẹ̀. Lẹ́yìn náà ló kan Mùfú.

Bàbá, ìró òòlù yín kò jáde. Ó lu ilẹ̀kùn, ó dún dáadáa, àwọn ènìyàn ń mi orí, ṣùgbọ́n ọwọ́ Mùfú ni. Ìmí yẹn kò sí láàrin rẹ̀. Ó wò mí, mo wò ó. Ìyá mi di ojú, wọ́n tẹ́tí, wọ́n tún tẹ́tí, wọ́n wá lajú bí ẹni tó jí nílé onílé. Àwọn òbí pàtẹ́wọ́ fún wa. Nígbà tí a délé, mo lọ wo balùwẹ̀. Ilẹ̀ rẹ̀ gbẹ. Ọjọ́ tí a sin yín, mi ò sunkún tó bẹ́ẹ̀.

Bàbá Kékeré kó àwọn onírin dé lọ́jọ́ Mọ́ńdè lóòótọ́. Ìyá mi jáde, wọ́n kúnlẹ̀ kí Bàbá Kékeré bí wọ́n ṣe máa ń kí wọn, wọ́n sì dúró sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù.

“Ọkọ mi, ẹni tí ẹ ń bẹ̀rù kò sí níbẹ̀ mọ́. Ẹ fi irin sílẹ̀ fún àwọn ọmọ.”

Bàbá Kékeré yọjú wo inú ibẹ̀. Wọ́n dúró pẹ́. Nígbà tí wọ́n máa yíjú padà, ojú wọn ti pọ́n, wọ́n sì ní kí kẹ̀kẹ́ ẹrù àwọn onírin máa lọ.

Mùfú ti padà sídìí iṣẹ́ báyìí. Láàárọ̀ ó ń tún ara mọ́tò ṣe, nírọ̀lẹ́ a ń ṣe ìdánrawò. Ìyá mi máa ń wá jókòó tì wá, wọ́n rọ àgbàdo gbígbẹ sínú agolo mílíìkì, wọ́n ń mì í. Wọn kì í tẹ̀lé wa. Àwa là ń tẹ̀lé wọn. A fẹ́ fi orúkọ yín pe orin tí a kọ́kọ́ ṣe, wọ́n kọ̀. Wọ́n ní ká má pè yín, ká jẹ́ kí ẹ sinmi.

Mo gbà fún wọn. Ṣùgbọ́n bí Mùfú bá gbé òòlù sókè, kó tó sọ̀ kalẹ̀, ìdákẹ́jẹ́ kékeré kan máa ń wà. Mo máa ń tẹ́tí sí i. Ṣé ibẹ̀ lẹ wà, Bàbá? Bí ẹ bá wà níbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá mi lóhùn. Ìyá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rí oorun sùn ni.

Èmi ni,
ọmọbìnrin yín tí ìfẹ́ yín ò jẹ́ kí ó dákẹ́.