Ọta Irin fún Ìbọn Raymond

Ọjọ́ Ajé, 11 Nọ̀fẹ́ńbà 2024

Ọta irin: hóró irin kéékèèké, roboto bí ọkà bàbà, tí wọ́n ń kó dípò òjé sínú káàtírììjì, ike kékeré tí ọta àti ẹ̀tù máa ń wà nínú rẹ̀. Òjé máa ń ṣẹ́kù sínú àbàtà, pẹ́pẹ́yẹ á gbé e mì, oró rẹ̀ á pa á. Ìdí nìyẹn tí òfin ìlú òyìnbó níbí fi ka òjé léèwọ̀ fún ẹyẹ odò. Irin kò ní oró. Àmọ́ irin le. Tí òjé bá dé ibi tó fún nínú ọ̀pá ìbọn, á rọ̀, á kọjá. Irin kì í rọ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Mo ń kọ èyí nítorí ìpè Uncle Gafar. Ọ̀rẹ́ Daddy mi láti Ìjẹ̀bú-Igbó, ọgbọ̀n ọdún ló fi wa bọ́ọ̀sì, àdúgbò Dockyard níbí ló ń gbé. Raymond tí wọ́n jọ ń wakọ̀ kú ní Épírì. Margaret ìyàwó rẹ̀ sì fún Uncle ní ìbọn ọkọ rẹ̀. Ìwé ọlọ́pàá ti pé. Ní Sátidé ọjọ́ kẹtàlélógún, Adrian ọmọ Raymond yóò mú un lọ dọdẹ pẹ́pẹ́yẹ ní àbàtà kan ní Kent, kí ó jókòó síbi tí Raymond máa ń jókòó sí. Uncle ń sọ ọ́ bí ẹni tí wọ́n fẹ́ fi joyè.

Ó ní ọta wo ni kí òun rà. Mo ní tí àmì nitro bá wà lábẹ́ ọ̀pá ìbọn, tó fi hàn pé wọ́n ti fi ẹ̀tù ìgbàlódé dán an wò, irin standard kò burú, àmọ́ —

Ó ní, "Ó ti yé mi, Engineer. Màmá ńkọ́?"

Ìkíni gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá. "Àmọ́" mi kò rí àyè mọ́.

Ọjọ́rú, 13 Nọ̀fẹ́ńbà

Ó gbé ìbọn náà wá sí ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń tún ìbọn ṣe. Ọ̀pá méjì ló ní, 1934 ni wọ́n ṣe é. Mo ti sọ ọ́ ní Ìyá Àgbà. Ó rẹwà.

Mo wọ̀n ọ́n láti ìdí dé ẹnu. Àmì nitro wà. Ẹnu ọ̀pá ọ̀tún ṣí díẹ̀. Ẹnu ti òsì fún gan-an — ibẹ̀ kò ní fẹ́ràn irin. Ara ọ̀pá ti fẹ́lẹ́ níbì kan, àmọ́ ó ṣì nípọn tó bó ṣe yẹ. Oríkèé rẹ̀ mì díẹ̀. Ọjọ́ orí, mo rò.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù: ihò tí káàtírììjì ń wọ̀ jẹ́ 65 mílímítà ní gígùn. Tòde òní jẹ́ 70. Nítorí náà, ọta bismuth, nínú káàtírììjì 65. Bismuth rọ̀ bí òjé, kò sì ní oró. Mo kọ ọ́ sórí pépà, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ àpò ìbọn.

Uncle ní Auntie Waheedah ìyàwó òun ti kìlọ̀: tó bá jẹ́ omi ló pa pẹ́pẹ́yẹ, kí òun àti Adrian jẹ ẹ́ tán lọ́hùn-ún, kò gbọdọ̀ wọ ìkòkò Auntie. Mo ní ìyẹn kọjá iṣẹ́ mi, kí ó bi Ìmáàmù. Ó ní Ìmáàmù ti gbà fún Auntie.

Jímọ̀, 15 Nọ̀fẹ́ńbà

Òjò. Mo fọ inú ọ̀pá méjèèjì. Wọ́n dán bíi dígí.

Ọjọ́ Ajé, 18 Nọ̀fẹ́ńbà

Ó wá gbé ìbọn. Páálí káàtírììjì kan wà lábíyá rẹ̀. Irin, 70.

Mo ní Uncle, ti yín kò gba èyí. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ṣí Ìyá Àgbà, ó ti ọ̀kan bọ̀ ọ́. Ó wọlé wẹ́rẹ́. Ó ní kí n wò ó dáadáa, ó wọlé, ó tún ṣẹ́ku àyè.

Mo ya àwòrán. Mo ṣàlàyé pé gígùn tí wọ́n kọ sára páálí kì í ṣe ti káàtírììjì tí a ń wò yìí, ti ìgbà tí wọ́n bá yìn ín tán ni. Wọ́n ṣẹ́ ẹnu rẹ̀ po, ìyẹn ló jẹ́ kó kúrú. Tí iná bá kàn án, ẹnu náà á tú, á nà síwájú, á dí ọ̀nà ọta. Agbára iná á há. Ibi tí ọwọ́ òsì ti ń di ọ̀pá mú gan-an ló sì lè bẹ́.

"Ó ti yé mi."

Ojú rẹ̀ wà lára kàlẹ́ńdà ògiri. Mo bẹ̀ ẹ́ kó fi páálí náà sílẹ̀ fún mi. Ó fi sílẹ̀ láìjiyàn. Inú mi dùn. Ìbọn rẹ̀ ni, ìwé rẹ̀ pé, n kò lè dá a dúró.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 19 Nọ̀fẹ́ńbà

Mo rìn dé àbàtà Crossness. Pẹ́pẹ́yẹ bo omi. Ọkàn mi kò balẹ̀, n kò mọ ìdí.

Ọjọ́bọ̀, 21 Nọ̀fẹ́ńbà

Mo ti mọ̀ ọ́n. Fọ́tò lórí WhatsApp: Ìyá Àgbà lórí bẹ́ẹ̀dì, bẹ́líìtì káàtírììjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Ready, Engineer. Adrian fún mi ní tiẹ̀." Mo fa fọ́tò náà tóbi. 70, gbogbo wọn.

Mo pè é. Ó ní kí n fọkàn balẹ̀, òun ti dán an wò, gbogbo rẹ̀ wọlé.

Kí n kọ òótọ́ síbí. Èmi ni mo kọ́kọ́ sọ pé irin kò burú. Mo sọ ìdajì ọ̀rọ̀, àgbà ní ó ti yé òun, mo sì dákẹ́ nítorí ilé tí wọ́n ti tọ́ mi. Ọdún mẹ́ta ni mo fi kọ́ṣẹ́ ọ̀pá ìbọn ní Birmingham. Kò sí ẹni tó kọ́ mi bí a ṣe ń sọ fún àgbà pé kò tíì yé e.

Jímọ̀, 22 Nọ̀fẹ́ńbà

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ mo lọ bá a ní Dockyard. N kò ya àwòrán kankan. Káàtírììjì 70 kan tí wọ́n ti yìn ni mo mú dání, òfìfo, ẹnu rẹ̀ ti tú.

Uncle ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun tán, ó ń ká ẹní rẹ̀, ó fẹ́ tì í sáàárín àga àti ògiri. Mo ní, "Uncle, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tẹ́ ẹ síbẹ̀." Ó ní ibẹ̀ kò gbà á. Mo ní ṣebí ó ń wọ ibẹ̀ lójoojúmọ́. Ó ní, "Kíká ni mo ń ká a." Ó wò mí.

Mo yẹ ìbọn wò, òfìfo ni. Mo fi káàtírììjì náà sí i lọ́wọ́. Ó tì í. Ó tún tì í. Ó yọrí síta, ìbọn kò lè pa dé. Ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ títí ìka rẹ̀ fi funfun.

Ó jókòó. Ó ní kí ló dé tí n kò sọ èyí lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

"Ẹ ní ó ti yé yín, sà."

Auntie Waheedah dáhùn láti kíṣìnì. "Kàfí, má dá a lóhùn. Láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ẹ ló ti ń yé e."

Uncle tú bẹ́líìtì náà fúnra rẹ̀, ó ka káàtírììjì ibẹ̀ sínú ọ̀rá. Mo gbé páálí bismuth 65 kalẹ̀. Ó ka ohun tí wọ́n kọ sára páálí náà sókè, létí mi, lẹ́ẹ̀mejì.

Àbámẹ́ta, 23 Nọ̀fẹ́ńbà

Ó pè ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀. Pẹ́pẹ́yẹ kan. Ó ti ṣe bísímílà kó tó yìn, orí ẹrẹ̀ ni ẹyẹ náà já sí, ó ṣì ń mí nígbà tó fi ọ̀bẹ kàn án. Auntie kò ní àwíjàre. Ó ní ibi tí Raymond máa ń jókòó ti jin bí abọ́, ìdí òun sì bá a mu.

Lẹ́yìn náà ohùn rẹ̀ yí padà. Ó ní Adrian wọ kóòtù bàbá rẹ̀ lọ. Nígbà tí wọ́n ń jẹun, Adrian ki ọwọ́ bọ àpò, ó sì kó káàtírììjì òfìfo mẹ́rin jáde. Uncle ka ohun tí wọ́n kọ sára wọn fún mi. 70. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Raymond náà, ó ti yé e.

Oríkèé tó ń mì kì í ṣe ọjọ́ orí, káàtírììjì 70 tí Raymond ń yìn ló fà á. Mo ní kí Uncle má yìn ín mọ́. Kò sọ pé ó ti yé òun. Ó ní, "Tún un sọ." Mo tún un sọ. Láàárọ̀ Mọ́ńdè, Ìyá Àgbà ń padà bọ̀ sórí tábìlì mi, màá tú u palẹ̀, á sì padà lọ sí ilé tí wọ́n ti ń dán ìbọn wò ní Birmingham kí ọta mìíràn tó wọ inú rẹ̀.

Mo ti kọ èyí, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù: Kí o tó ra ọta fún ìbọn àtijọ́, rí i pé ìbọn náà ṣófo. Wá káàtírììjì tí wọ́n ti yìn, irú èyí tí o fẹ́ rà gan-an. Fi ọwọ́ ara rẹ tì í bọ ihò. Tó bá yọrí, má rà á. Tó bá wọlé tán, ṣì gbé ìbọn náà wá kí n wọ̀n ọ́n.