Ekilíbírì Tí Mi Ò Ní

Kambolé, lọ́jọ́ Àlàmísì

Mọ́rúfù ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà ní Sokodé? Ìyàwó rẹ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí ẹ rí ohun tí ẹnu ò ṣeé sọ, àmín. Èmi náà wà, a dúpẹ́. Iṣu ta dáadáa lọ́dún yìí, ewúrẹ́ tí ìyá rẹ fi sílẹ̀ kó tó kú sì bí ìbejì, àmọ́ kò sẹ́ni tí mo lè pè wá wò ó, èmi nìkan ni mo bá a yọ̀.

Ohun tí mo fi ń kọ̀wé ni pé orúnkún ń dùn mí, mo wá lọ sí ilé ìwòsàn ní Tchamba. Áńfímìyé, ọkùnrin tó ń tọ́jú aláìsàn níbẹ̀, ní kí n gun ìwọ̀n kan tó wà nílẹ̀, irú èyí tí wọ́n fi ń wọn àpò àgbàdo. Agbádá mi tó wúwo jù ni mo wọ̀ lọ, kí wọ́n má baà rò pé o ò tọ́jú mi. Ó ní kílò mi ti pọ̀ jù. Mo ní alhamdulilahi, kó bá mi kọ ọ́ sínú ìwé kí n fi han àwọn tó ní o ti gbàgbé mi. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n gbé ẹsẹ̀ kan sókè bí adìẹ inú òjò, kí n má di nǹkan kan mú. Mo gbé e, ilé yí mọ́ mi lójú, mo bá dì mọ́ èjìká rẹ̀. Ó ní kò gbọdọ̀ rí bẹ́ẹ̀, ó fi Faransé sọ ọ́ pé mi ò ní ekilíbírì.

O ò rí nǹkan, Mọ́rúfù? Kílò pọ̀ lára mi, ekilíbírì ló tán. Mo bi í bóyá inú ìgò ló ń wà àbí oníhóró ni, ó kàn ń kọ̀wé rẹ̀ lọ. Jọ̀ọ́, bá mi wá a dé ilé oògùn ńlá tó wà lọ́dọ̀ yín.

Ó tún bi mí léèrè ohun tí mò ń ṣe láti àárọ̀ dalẹ́. Mo ní mò ń jókòó ni. Mo fọ́nnu pé ọmọ mi ló ní kí n má kọ ebè mọ́, pé o gba alágbàṣe sóko, o gba ẹni tó ń pọnmi, o sì ra àga ìrọ̀gbọ̀kú fún mi. Ó ní àga yẹn gan-an ló ń jẹ mí lẹ́sẹ̀. Mo gbèjà rẹ o. Àmọ́ ká sòótọ́, ẹni tó bá dá jókòó látàárọ̀, oúnjẹ nìkan ló ń bá a sọ̀rọ̀.

Ó ní kí n máa rìn lójoojúmọ́. Mo ní lọ síbo? Ó ní síbikíbi. Àbí orí ọkùnrin yìí ò pé ni? Ní Kambolé, àgbà tó bá ń rìn láìní ibi tó ń lọ, wọn á ní ó ti ń ṣarán. Mo tilẹ̀ fẹ́ bá àwọn tó ń jó fún ẹgbẹ́ òṣèlú ìjọba ní pápá ilé-ìwé jó, wọ́n ní ọ̀dọ́ ni àwọn ń wá.

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ bọ́ sọ́nà, Àlàó tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe bi mí níbi tí mò ń lọ. Ẹnu mi yá, mo ní mò ń lọ pàdé rẹ nídìí mọ́tò. Inú rẹ̀ dùn, ó ṣàdúà fún ọ. Bó ṣe di irọ́ ojoojúmọ́ nìyẹn. Mo máa ń dúró lábẹ́ máńgòrò níbi tí mọ́tò Sokodé ti ń já èrò, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ṣìkírà tó ń ta kókó, ẹ̀kọ mímu, títí wọn á fi sọ̀ tán. Kí Ọlọ́run foríjì mí, irọ́ ni mo kọ́kọ́ ń pa, àmọ́ ní báyìí ojú mi ń wá ọ lóòótọ́. Lánàá ọkùnrin kan sọ̀ kalẹ̀, ìrìn rẹ̀ jọ tìrẹ, mo juwọ́ sí i, ẹsẹ̀ mi yẹ̀. Ṣìkírà ló dì mí mú. Tẹ́lẹ̀, wọ́n máa ń bi mí bóyá o ò tíì dé ni. Wọn ò bi mí mọ́, wọ́n kàn ń kí mi. Ìyẹn dùn mí ju orúnkún lọ.

Mo fẹ́ owó bàtà, torí ọ̀nà yìí ti jẹ tèmi tán, kí o sì fi owó ṣúgà lé e. Má fi rán dírẹ́bà o, ọwọ́ ara rẹ ni kí o fi mú un wá.

Bí wọ́n bá sì ní ekilíbírì ò sí nílé oògùn, má dààmú. Mo ti rò ó. Nígbà tí mo di èjìká áńfímìyé yẹn mú, mi ò mì rárá, mo sì rò pé ibẹ̀ ló máa ń wà. Ìwọ ṣáà gbé èjìká tìrẹ wá.

Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí àwọn ọmọ rẹ jìnnà sí ọ lọ́jọ́ alẹ́.

Èmi bàbá rẹ,
Tìjání,
lábẹ́ máńgòrò.