Ikọ́ Tí Kò Fẹ́ Lọ

Ìyá àwọn ọmọ mi,

Ara mi le, má gbọ́ ti ẹnikẹ́ni. Dókítà ní ikọ́ mi ti di kírónííkì. Nọ́ọ̀sì tó ń bá mi kọ lẹ́tà yìí ní àìsàn tó pẹ́ lára, tí kò fẹ́ lọ, ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀.

Mo ní, "Ìyàwó mi náà nìyẹn!"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin bàbá yìí! A kì í fi pe ohun téèyàn fẹ́ràn."

Mo ní kó kọ ìyẹn fún ọ.

Wọ́n ní kí n má dìde lórí bẹ́ẹ̀dì. Ta ni wọ́n ń bá wí?

Sọ fún àbúrò mi kó má gbin àgbàdo sóko mi mọ́. Ẹ̀gẹ́ ni kó gbìn, torí ẹ̀gẹ́ lè dúró nílẹ̀ dè mí.

Bá mi kí àwọn ọmọ. Jẹun dáadáa.

Ọkọ rẹ.